Ìbọn Hawken tí mo rà: ṣé irú rẹ̀ ni wọ́n gbé lóòótọ́ láyé Jim Beckwourth?

Ọmọ Ṣọ̀ún, St. Louis
Ọjọ́ Àìkú, aago 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ kan lọ síbi àpéjọ tí a ti ń ṣàfihàn ayé àwọn tó ń dẹ pàkúté fún beaver, ẹranko odò tí wọ́n ń pa nítorí awọ rẹ̀, lórí Òkè Rocky, láti 1825 tí wọ́n ṣe ìpàdé ọdọọdún wọn àkọ́kọ́ títí di 1840 tí wọ́n ṣe ti ìkẹyìn. A máa ń pàgọ́, igi la fi ń dáná, aṣọ awọ la ń wọ̀. Kálukú ló ní ẹni tó ń ṣojú fún. Jim Beckwourth ni èmi mú. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní Virginia, ó bá àwọn èèyàn William Ashley, oníṣòwò awọ, gòkè lọ ní 1824, ó sì gbé láàárín àwọn Crow, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú ẹgbẹ́ wa. Àwọn ọmọ dúdú tí òbí wọn mú wá máa ń dúró níwájú àgọ́ mi, wọ́n á bi mí pé ṣé irú wa wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ohunkóhun lára mi jẹ́ irọ́.

Lọ́dún tó kọjá mo ra ìbọn kan lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó rí. Wọ́n kọ Hawken sí ara ọ̀pá rẹ̀. Kápù ló ń tan án, ìyẹn ìdérí bàbà kékeré tó ń ṣáná bí òòlù ìbọn bá lù ú. Igi rẹ̀ kò dé ẹnu ọ̀pá, ìdajì ló dé. Ọ̀pá náà gùn tó 28 ínṣì. Idẹ ló wà ní ìdí rẹ̀, ní abẹ́ tírígà àti ní iwájú igi, igi walnut sì ni. Ohun ìfojúsùn tó wà lẹ́yìn ní sukúrúù tí a lè fi yí i sókè sódò. Mo ń gbé e káàkiri, orí mi ń wú. Àfi bí mo ṣe débi àpéjọ lọ́jọ́ Ẹtì tí bàbá tó ń yẹ ohun ìjà wò yí i síwá yí i sẹ́yìn, tó ní ìbọn ọdún 1970 lèyí, kì í ṣe ti 1830. Ó jẹ́ kí n wọlé, ṣùgbọ́n ó ní kí n má gbé e wá mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ṣé òótọ́ ló sọ? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀? Ṣé ó ṣeé tún ṣe, àbí kí n tà á kí n wá òmíràn?

Àbúrò Houston
Ọjọ́ Àìkú, aago 8:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà yín lọ́kàn rú. Ẹnu la ń gbà kì í, ẹ̀tù dúdú ló ń jẹ, èéfín rẹ̀ ń bo ojú. Ọmọdé wo ló máa wọn ọ̀pá ìbọn yín? Ìtàn Beckwourth tí ẹ ń sọ fún wọn ló ṣe pàtàkì jù. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra òmíràn, ẹ fi ra àgọ́ tó dáa.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ, Lancaster
Ọjọ́ Àìkú, aago 10:05 alẹ́

Àbúrò Houston, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè gbà pẹ̀lú yín lórí èyí. Bí eégún bá jáde tí bàtà kánfáàsì hàn lábẹ́ agọ̀ rẹ̀, ṣé àwọn tó ń wò kò ní rí i ni? Wọ́n lè má sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i. Ẹni tó bá sì rí àléébù kan lára ẹni tó ń sọ ìtàn, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ìtàn náà fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ṣọ̀ún, òótọ́ ni bàbá yẹn sọ. Ní 1970 ni ilé-iṣẹ́ Thompson/Center ní ìpínlẹ̀ New Hampshire gbé ìbọn kan jáde tí wọ́n sọ ní Hawken, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn sì ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìbọn tó ń yìn dáadáa ni. Òun ló mú ẹgbàágbèje èèyàn wọ inú iṣẹ́ tí a fẹ́ràn yìí, mi ò sì ní bú u láé. Ṣùgbọ́n orúkọ ni wọ́n yá fún un, wọn ò yá ara fún un.

Jacob àti Samuel Hawken, ìdílé tó ń ṣe ìbọn ní Hagerstown ní Maryland ni wọ́n ti wá. Wọ́n kó wá sí St. Louis, ìlú tí ẹ̀ ń gbé gan-an yẹn. Ẹ gbé ìbọn yín sórí tábìlì, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

Ọ̀pá àwọn Hawken sábà máa ń gùn tó 34 sí 38 ínṣì. Igun mẹ́jọ ló ní, ó nípọn ní ìdí, ó sì ń tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ lọ sí ẹnu. Òun ló mú kí ìbọn náà wúwo tó 10 pọ́n-ùn, òmíràn tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tiyín kò lè wúwo tó bẹ́ẹ̀. Lórí ìbọn olójú-ìdajì-igi tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ará òkè, irin ni gbogbo ohun tí ẹ rí bí idẹ yẹn. Igi maple ni wọ́n sábà máa ń lò, kì í ṣe walnut. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù ni ọrùn igi. Irin gígùn kan sọ̀kalẹ̀ láti ìdí ọ̀pá, ó tẹ̀ lé ọrùn náà, bóòtù méjì sì gba inú igi kọjá lọ dé irin tírígà nísàlẹ̀. Ọrùn igi ni ìbọn ti máa ń ṣẹ́ bí ẹṣin bá ṣubú lé e, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi irin dì í mú lókè àti nísàlẹ̀. Ẹni tó ń gun òkè pẹ̀lú ìbọn kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣẹ́.

Bí ẹ bá tú lọ́ọ̀kì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tan ìbọn, ẹ ó rí sípíríǹgì tó ká bíi ti inú báírò. Ti àtijọ́, irin pẹlẹbẹ ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí méjì. Ohun ìfojúsùn wọn kò ní sukúrúù kankan, òòlù ni wọ́n fi ń gbá a sọ́tùn-ún sósì. Lára ohun tó jọra ni tírígà méjì àti ilà inú ọ̀pá tó ń yí lẹ́ẹ̀kan láàárín 48 ínṣì, irú èyí tí àwọn Hawken náà ń lò.

Ẹ má gbìyànjú láti tún un ṣe. Bí ẹ bá yọ idẹ, tí ẹ fi irin sí i, ọ̀pá á ṣì kúrú, igi á ṣì jẹ́ walnut. Ẹ wá Hawken tí wọ́n ṣe bó ṣe yẹ, nítorí òun ni Beckwourth gbé.

Ọdẹ Ìdànrè
Ọjọ́ Ajé, aago 6:20 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o. Ilé ni mo wà, inú ìdílé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí. Ṣakabùlà bàbá bàbá mi ṣì wà lára ògiri. Alágbẹ̀dẹ ìlú wa ló rọ apá kan, lọ́ọ̀kì rẹ̀ ti òkè òkun wá. Ó ga jù mí lọ bí mo bá gbé e nàró. Bí mo ṣe ń ka gbogbo èyí, ó ń ṣe mí bíi pé ohun kan náà ni. Ẹ̀tù, ọta, ọ̀pá tí a fi ń kì í, òkúta tó ń ṣáná tàbí kápù. Ṣé kì í ṣe irú tiwa ni àwọn ará Amẹ́ríkà ayé ọjọ́un gbé ni?

Ìyá Ìbejì, Leeds
Ọjọ́ Ajé, aago 9:02 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ ọdẹ o, Ọdẹ Ìdànrè. Ògún á máa ṣọ́ yín.

Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ẹ fi ìka yín sí ẹnu ṣakabùlà bàbá yín nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó dán, àbí? Ráífù kò dán. Wọ́n gbẹ́ ilà sínú rẹ̀, ilà náà ń yí lọ láti ìdí dé ẹnu. Wọ́n á fi aṣọ tí wọ́n fi ọ̀rá pa wé ọta òjé kan ṣoṣo, wọ́n á tì í wọlé kó fún. Aṣọ yẹn ló ń di ilà mú, tí ọta fi ń yí bó ṣe ń jáde, yíyí náà ni kì í jẹ́ kó yà kúrò lójú ọ̀nà. Ṣakabùlà lè jẹ ọta wẹ́wẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ráífù kò wà fún ìyẹn. Nítorí náà, ìbọn méjì ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ kò ṣìnà pátápátá, ibi tí inú mi ti dùn sí ọ̀rọ̀ yín nìyẹn. Ìbọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Northwest gun. Inú tirẹ̀ dán. Ilé-iṣẹ́ Hudson's Bay àti àwọn oníṣòwò mìíràn ń kó o fún àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà ní pàṣípààrọ̀ awọ. Ọ̀pọ̀ rẹ̀, London àti Birmingham ni wọ́n ti ṣe é, Birmingham kan náà tí ọ̀pọ̀ ìbọn tó dé etíkun tiwa ti wá. Àwọn òyìnbó ń pe tiwa ní Dane gun nítorí àwọn oníṣòwò Denmark, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò mọ Denmark rí. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá wá ìbátan ṣakabùlà lórí Òkè Rocky, Northwest gun ni, kì í ṣe Hawken.

Mo máa ń kó àwọn ọmọ mi lọ sí Royal Armouries, mùsíọ́ọ̀mù ohun ìjà, níbí yìí. Ọmọ Ṣọ̀ún, ẹ wo ohun tí ẹ fi máa dá a mọ̀: lódì kejì lọ́ọ̀kì, idẹ tí wọ́n gbẹ́ bí ejò abìrù wà níbẹ̀, irin tó dáàbò bo tírígà sì tóbi, ó fẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ń rà á mọ ejò yẹn, wọn kì í gba èyí tí kò bá ní i. Ẹni tó bá àwọn Crow gbé bíi ti Beckwourth, kò sí ìjọ̀ngbọ̀n kankan bí ẹ bá gbé irú rẹ̀ dání. Kò sì wọ́n tó Hawken tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe.

Tíṣà Ìtàn, Denver
Ọjọ́ Ajé, aago 7:45 alẹ́

Mo ka gbogbo rẹ̀ tán kí n tó kọ̀wé. Ọmọ Àgbẹ̀dẹ, ẹ kú iṣẹ́, gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ara Hawken ló tọ̀nà. Ibi tí ẹ ti sọ pé òun ni Beckwourth gbé ni mi ò lè jẹ́ kó kọjá.

Àṣìṣe tí gbogbo èèyàn ń ṣe nìyẹn. Orúkọ Hawken ti gba gbogbo ìtàn, débi pé a rò pé gbogbo ẹni tó dẹ pàkúté lórí òkè ló gbé e. Ilé ìṣẹ́ kékeré ni ti àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí. Irú Hawken olójú-ìdajì-igi tí a mọ̀ lónìí, tí kápù ń tan, ọdún 1840 sí 1860 ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ́kù, nígbà tí ìpàdé ọdọọdún àwọn ará òkè ti parí. Ẹ wo Hawken àwọn ará òkè méjì tó lókìkí: ti Kit Carson tó wà lọ́wọ́ àwọn Masonic ní Santa Fe àti ti Jim Bridger tó wà ní Montana, ẹ̀yìn ayé beaver ni àwọn ìyẹn jẹ́ ohun ìṣúra, ẹ má fi wọ́n mọ ohun tí gbogbo èèyàn gbé ní 1828.

Ráífù tó gòkè lọ jù, Pennsylvania ló ti wá, nítòsí Ọmọ Àgbẹ̀dẹ níbẹ̀. Ìdílé Henry ló ń ṣe é ní Boulton, lẹ́bàá Nazareth. Láti àárín ọdún 1820 sí 1830 ni American Fur Company ti ń ra ráífù lọ́wọ́ J. Joseph Henry, wọ́n sì ń rà á lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ wo ara rẹ̀: igi maple tó dé ẹnu ọ̀pá, ọ̀pá gígùn bíi 42 ínṣì, òkúta ló ń tan án, ojú idẹ sì ni gbogbo ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, idẹ! Ohun tó jẹ́ àléébù lára Hawken ni ẹwà lára Henry.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n má bi mí pé ṣé ìbọn yìí jẹ́ ojúlówó. Kí wọ́n bi mí pé ọdún wo, níbo, lọ́wọ́ ta. Ẹni tó bá gbé ráífù Lancaster ti 1775 wá síbi ìpàdé 1835, ìbọn rẹ̀ lè dà bíi ti àtijọ́ lẹ́sẹẹsẹ, síbẹ̀ kò bá ibẹ̀ mu.

Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ wakọ̀ lọ sí Museum of the Fur Trade ní Chadron, ní Nebraska. Ẹ ó rí ráífù Henry àti Northwest gun níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kápù kò sì dé orí òkè rárá kí ìpàdé ìkẹyìn tó parí, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ, Lancaster
Ọjọ́ Ajé, aago 9:30 alẹ́

Tíṣà, mo gbà. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọmọ Ṣọ̀ún. Mo fi ìfẹ́ tí mo ní sí Hawken sọ̀rọ̀. Boulton kò ju wákàtí méjì lọ sí ilé mi, mo ti dé ibi tí wọ́n ń kó ráífù Pennsylvania sí níbẹ̀, ó yẹ kí n ti sọ èyí tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ ti nà án jù níbì kan. Ẹ ní kápù kò dé orí òkè rárá. Ní 1807 ni Forsyth gba ìwé àṣẹ ní Britain fún ẹ̀tù tó ń tan nípa lílù. Nígbà tó di ọdún 1830 sí i, kápù ti wà káàkiri ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ó sì ti ń wọlé dé òkè kí 1840 tó pé. Ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ kọ̀ ọ́ ni pé bí kápù rẹ bá tán láàárín igbó, ó ti tán nìyẹn. Òkúta, o lè rí i he. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe 1838 lè gbé kápù, ẹni tó ń ṣe 1826 kò gbọdọ̀ gbé e.

Tíṣà Ìtàn, Denver
Ọjọ́ Ajé, aago 9:41 alẹ́

Mo gba àtúnṣe yẹn. Òkúta ló pọ̀ jù, ó yẹ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà, Atlanta
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:10 àárọ̀

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, igi ni iṣẹ́ mi. Ní tèmi, ìbọn tí ẹ̀rọ gbẹ́ igi rẹ̀, tí wọ́n fi irin ilé-iṣẹ́ òde òní ṣe ọ̀pá rẹ̀, ayédèrú ni, kò sí bí ó ṣe jọ tó. Nígbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Bó bá ti wá di dandan kí ẹ ra èyí tí ẹ̀rọ ṣe, ẹ kọ́kọ́ bọ́ fáníìṣì dídán yẹn kúrò. Kò sí ohun tó ń tú àṣírí ìbọn tuntun tó o. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi aqua fortis pa igi maple, ìyẹn ásíìdì tí wọ́n ti yọ́ irin sínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi iná gbóná rìn lórí rẹ̀, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú á jáde, ilà inú igi á sì dìde bí awọ ẹkùn. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ bo imú. Òróró linseed lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á fún ọjọ́ púpọ̀. Kí ẹ wá fi ṣéènì lù ú níbi mélòó kan, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha á, kó lè dà bíi pé ó ti pẹ́.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 12:25 ọ̀sán

Gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀rọ̀ yín nípa igi, ẹ̀kọ́ ni fún mi, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ti ṣéènì yẹn ni mi ò fara mọ́ rárá. Ní 1830, ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1829, tuntun ni! Ogbó tí ẹ rí lára èyí tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù, ọdún 190 ló fi í síbẹ̀. Beckwourth kò gbé ìbọn tó ti gbó ọdún 190. Ẹ jẹ́ kí Ọmọ Ṣọ̀ún gbé e rìn nínú òjò àti oòrùn, kó gbó lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ti ọwọ́ tí ẹ ní wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ náà, kò rí bẹ́ẹ̀. Omi odò Bushkill ló ń yí ẹ̀rọ ní Boulton. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ráífù, òkè òkun ni wọ́n ti ń ra lọ́ọ̀kì tó ti parí, láti England àti Jámánì. Ilé ìbọn tó wà ní Colonial Williamsburg, ìlú àtijọ́ tí wọ́n fi ṣe mùsíọ́ọ̀mù ní Virginia, máa ń fi òòlù ká irin pẹlẹbẹ yí ọ̀pá kan, wọ́n á fi iná lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á wá gbẹ́ inú rẹ̀. Iṣẹ́ àgbàyanu ni, ó yẹ kí gbogbo wa lọ wò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ra ìbọn láti fi yìn bá bi mí, ọ̀pá irin òde òní ni kó rà. Ìyẹn kò sí lára ohun tí ojú ń rí, ó sì ń dáàbò bo ojú.

Ohun kan ṣoṣo tó kù: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín kí ẹ lọ pa àmì ilé-iṣẹ́ àti àmì àyẹ̀wò tó wà lára ọ̀pá rẹ́, kí ẹ tẹ orúkọ Hawken tàbí Henry sí i. Níbí, láti 1813 ni Birmingham ti ní ilé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀tù tó lé ní ìwọ̀n dán ọ̀pá wò kí wọ́n tó tẹ àmì lé e. Gardone ní Ítálì náà ní tirẹ̀. Àmì yẹn ló ń sọ fún ẹni tó bá rà á lẹ́yìn yín pé kò ní bú mọ́ òun lójú, òun ló sì ń sọ fún un pé kì í ṣe ti 1830. Bí ẹ bá kú, ọmọ yín lè tà á fún ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí ojúlówó láìmọ̀. Ẹ yí i sí abẹ́ igi, níbi tí ojú kò tó, bí ẹ bá ń ra ọ̀pá tuntun. Ẹ má pa á rẹ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà, Atlanta
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:03 ọ̀sán

Ti àmì, ẹ jàre mi, Ìyá Ìbejì. Ti ogbó, mo ṣì dúró lórí tèmi: ẹni tó ti fi ọdún márùn-ún dẹ pàkúté, ìbọn rẹ̀ kò lè dán bí ti ṣọ́ọ̀bù. Kó má jẹ́ ogbó ọdún 190, kó jẹ́ ti ọdún márùn-ún.

Ọmọ Ṣọ̀ún, St. Louis
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:50 alẹ́

Mo dúpẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Mo gbé ìbọn náà sórí ìwọ̀n: 8 pọ́n-ùn àti ààbọ̀. Mo tú lọ́ọ̀kì rẹ̀ pẹ̀lú, sípíríǹgì inú rẹ̀ sì ká bí Ọmọ Àgbẹ̀dẹ ṣe wí gan-an. Ó dùn mí díẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Beckwourth kò kú sí 1840. Ṣé mi ò lè ṣe Beckwourth ẹ̀yìn ọ̀la, kí n lè gbé Hawken?

Tíṣà Ìtàn, Denver
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:15 alẹ́

Ẹ lè ṣe é, ìtàn náà sì dára. Ní 1850 ló rí ọ̀nà tó rọrùn gba àárín òkè Sierra Nevada kọjá, tí wọ́n ń pè ní Beckwourth Pass títí di òní. Ní ọdún kejì ló mú àwọn arìnrìn-àjò gba ibẹ̀, ó sì kọ́lé sí àfonífojì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 1856 ni ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde, èyí tó sọ fún Thomas Bonner kó kọ. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nílé-ìwé tàbí ní ilé ìkàwé nípa apá yìí, Hawken tí wọ́n ṣe bó ṣe yẹ kò ní àléébù. Kí wọ́n tẹ S. HAWKEN sí i, kì í ṣe J. & S., nítorí àrùn onígbáméjì ló pa Jacob ní 1849, Samuel nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n àpéjọ tiyín, 1825 sí 1840 ni. Beckwourth ti 1850 kò lè pàgọ́ síbẹ̀.

Àbúrò Houston
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:32 alẹ́

Mo yí ohùn mi padà. Mi ò mọ̀ pé ìyàtọ̀ ọdún mẹ́wàá lè yí ìbọn padà tó báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwòrán Northwest gun olójú ejò yẹn hàn wá bí ẹ bá rí i.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ, Lancaster
Ọjọ́rú, aago 6:48 àárọ̀

Ọmọ Ṣọ̀ún, bí ẹ bá pinnu láti to ráífù irú Henry fúnra yín, ẹ̀yà rẹ̀ wà fún títà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Track of the Wolf ní Minnesota wà lára àwọn tó ń ta irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Kí lọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ olókùúta, kí sípíríǹgì rẹ̀ pẹlẹbẹ, kí wọ́n fi píìnì kéékèèké so ọ̀pá mọ́ igi. Ọ̀pá ìkìbọn, kó jẹ́ igi hickory tí wọ́n là tẹ̀ lé ojú igi, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ yí, torí èyí tí ojú igi rẹ̀ bá yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè ṣẹ́ kó gún yín lọ́wọ́. Àwọ̀ ọ̀pá irin, ẹ jẹ́ kó dógùn-ún díẹ̀díẹ̀ di pupa, kí ẹ fi omi gbígbóná dá a dúró. Bí ẹ bá wá sí Pennsylvania nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbé igi àti ọ̀pá náà wá sí ilé mi. Mo ní fáìsì, mo ní ayùn, mo sì ní àyè. A ó jọ gbẹ́ ibi tí lọ́ọ̀kì máa jókòó sí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bà á jẹ́.

Ọmọ Ṣọ̀ún, St. Louis
Ọjọ́rú, aago 9:20 alẹ́

Mo ti pinnu. Lọ́dún tó ń bọ̀, Northwest gun ni màá gbé lọ síbi àpéjọ, nítorí mo ń ṣe àkókò tó fi wà pẹ̀lú àwọn Crow, owó mi sì ká a. Ráífù Henry, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀yà rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, màá sì wá sí Lancaster lóṣù Keje, Ọmọ Àgbẹ̀dẹ, ẹ bá mi fi àyè sílẹ̀. Èyí tí mo ní nísinsìnyí, mi ò ní tà á. Orí pápá ìdánrawò ni màá ti máa yìn ín, mi ò sì ní pe ara mi ní Beckwourth bí mo bá gbé e dání.

Ọdẹ Ìdànrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya àwòrán ṣakabùlà bàbá yín fún mi. Bí ọmọdé bá tún dúró níwájú àgọ́ mi, màá fi ìbọn ejò yẹn hàn án, màá sì fi àwòrán ìbátan rẹ̀ láti Ìdànrè hàn án pẹ̀lú.

Ọdẹ Ìdànrè
Ọjọ́bọ̀, aago 5:55 àárọ̀

Màá gbé e sílẹ̀ lára ògiri bí ilẹ̀ bá mọ́ dáadáa. Mo fi ìka sí ẹnu rẹ̀ lánàá bí Ìyá Ìbejì ṣe ní kí n ṣe. Ó dán lóòótọ́.